Ẹ Jẹ́ Ká Ti Wi-Fi Wa Dáadáa

Ọ̀rọ̀ Wi-Fi inú ilé ni mo bá wá.

MiFi àti ráútà, àwọn ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, ti pọ̀ láàrin wa. Àwọn mìíràn ti gbé Starlink sórí òrùlé láti ìgbà tó ti wọ Nàìjíríà ní 2023. Owó gidi la fi ń ra dátà. Síbẹ̀, dátà tó yẹ kó gbé wa parí oṣù á tán ní ìdajì oṣù, a ó wá máa bá àwọn ọmọ jà. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ lè má sí nínú ilé rárá: ọmọ fún ọ̀rẹ́ ní páswọ́ọ̀dù, ọ̀rẹ́ fún ẹlòmíràn.

Àwọn tó ń bá wa to ráútà máa ń ní ká kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, kó má gba àjèjì wọlé. Kì í ṣe nọ́ńbà tí a fi ń pe ara wa o. MAC address ni: lẹ́tà àti nọ́ńbà 12, ní méjì-méjì, bíi 00:1A:2B:3C:4D:5E. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ló fún un.

Ó wúlò, àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òun nìkan. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá ń bá ráútà sọ̀rọ̀ ni nọ́ńbà yìí ń lọ nínú afẹ́fẹ́ ní gbangba, bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tilẹ̀ wà ní ìpamọ́. Ó dà bí aṣọ́nà tó ń fi orúkọ nìkan dá èèyàn mọ̀, tó sì ń ké orúkọ náà sójú títì. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè ní òun ló ń jẹ́ ẹ.

Bákan náà, láti Android 10 ti 2019 àti iOS 14 ti 2020, ọ̀pọ̀ fóònù ń lo nọ́ńbà àdábọwọ́ fún Wi-Fi kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ráútà ti fóònù ọmọ onílé mọ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ lo ìlànà kíkọ MAC address sínú ráútà nílé, ẹ wọ ètò Wi-Fi náà lórí fóònù: lórí Android, ẹ mú “Use device MAC”, lórí iPhone, ẹ pa “Private Wi-Fi Address”.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe nìyí. Ẹ wo ẹ̀yìn ráútà fún àdírẹ́sì rẹ̀. Ó lè jẹ́ 192.168.0.1, 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Chrome. Bó bá jẹ́ pé “admin” ṣì ni páswọ́ọ̀dù tí ẹ fi wọlé, ẹ yí i padà kíá. Fún ìlànà ààbò Wi-Fi, ẹ mú WPA2 tàbí WPA3; ẹ sá fún WEP, láti 2001 ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń já a. Ẹ fún Wi-Fi ní páswọ́ọ̀dù tuntun tó gùn, tí kì í ṣe orúkọ ọmọ tàbí nọ́ńbà fóònù yín. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ dí èyí tí ẹ kò mọ̀.

Mi ò ní ká ya ahun. Bí aládùúgbò bá fẹ́ wo èsì JAMB ọmọ rẹ̀, ẹ fi “Guest Wi-Fi” gbà á lálejò, kí ẹ pa á lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ju dátà lọ. Síìmù inú ráútà yín wà lórúkọ yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín (NIN) ló so mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi Wi-Fi yín lu jìbìtì, ọ̀dọ̀ yín ni àwọn tó ń wádìí yóò kọ́kọ́ dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí páswọ́ọ̀dù yín padà lónìí, kí ẹ sì bá àgbàlagbà ilé kejì tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ṣe tirẹ̀.