Ìje Le Mans ti 1955: Kò Sí Awakọ̀ Tó Jẹ̀bi, Ṣùgbọ́n Ẹ̀bi Wà

Nínú àwọn eré ìje ọkọ̀ tí wọ́n ń sá káàkiri ayé, díẹ̀ ni òkìkí wọn kàn tó ti ìlú Le Mans ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Odindi wákàtí 24 ni àwọn awakọ̀ fi ń sá a, tọ̀sán tòru, bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń ràn, tí wọ́n ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá sì rìn jìnnà jù lọ kí wákàtí náà tó pé ni í gba ife ẹ̀yẹ. Eré ìfaradà ni, a kò sì kórìíra rẹ̀. Irú bíréèkì tuntun tí Jaguar fi borí ní Le Mans ní 1953 ti di ohun tí ó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí gbogbo ayé ń gùn. Eré tí ó bí irú ohun rere bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré òmùgọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí dá lórí eré ti ọjọ́ 11 oṣù kẹfà, 1955. Ó ti pẹ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò gbó, ìdájọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń dá lórí rẹ̀ kò tẹ́ wa lọ́rùn.

Ìje mẹ́fà ni ó wà nínú ìdíje àgbáyé ti ọdún náà: Buenos Aires ní Ajẹntínà, Sebring ní Amẹ́ríkà, Mille Miglia ní Ítálì, Le Mans, Tourist Trophy ní Dundrod ní Ireland Àríwá, àti Targa Florio ní erékùṣù Sicily. Mercedes-Benz ti Jámánì, Jaguar ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ferrari ti Ítálì ni wọ́n ń dù ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, Stirling Moss ti fi ọkọ̀ Mercedes gba Mille Miglia. Nǹkan bí 1,600 kìlómítà ni ó fi wákàtí mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú díẹ̀ sá. Nígbà tí ó fi máa di ti Le Mans, gbogbo ojú ti ń wo ọ̀nà. Àwọn òǹwòran tí ó péjọ lé ní 200,000: ọkọ, aya, àti ọmọdé tí bàbá rẹ̀ gbé lé èjìká.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni eré bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní wákàtí méjì lẹ́yìn náà, Mike Hawthorn nínú Jaguar àti Juan Manuel Fangio nínú Mercedes ṣì ń lé ara wọn kíkankíkan. Hawthorn ya Lance Macklin sílẹ̀, ẹni tí ó wà nínú Austin-Healey kékeré kan. Kò pẹ́ tí ó tẹ bíréèkì, ó sì yà sí ọ̀tún láti wọ ibi tí wọ́n ti ń bu epo sọ́kọ̀. Macklin fẹ́ yẹra fún un, ó bá yà sí òsì. Pierre Levegh, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí Mercedes gbà láti wa ọkọ̀ fún wọn, ń bọ̀ lẹ́yìn Macklin pẹ̀lú eré bí 240 kìlómítà ní wákàtí kan. Kò rí ibi gbà. Ọkọ̀ rẹ̀ gun ẹ̀yìn ti Macklin, ó fò sókè, ó kọlu òkìtì erùpẹ̀ tí ó wà láàárín ọ̀nà àti àwọn òǹwòran, ó sì fọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ọ̀pá àgbá iwájú rẹ̀ àti ìdérí ẹ́ńjìnnì fò wọ àárín èrò. Levegh kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn òǹwòran tí ó bá a lọ lé ní 80, àwọn tí ó sì fara pa lé ní 100. Irin fúyẹ́fúyẹ́ tí a ń pè ní magnesium ni wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ náà. Bí wọ́n ti ń da omi sí i ni iná náà ń ru sí i.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Àwọn kan ní Hawthorn ni, nítorí ó tẹ bíréèkì lójijì. Àwọn mìíràn ní Macklin ni, nítorí kò wẹ̀yìn kí ó tó yà. Àwọn mìíràn tún ní Levegh ti dàgbà jù, nítorí ẹni ọdún 49 ni. Wọ́n gbàgbé pé ọkùnrin yìí kan náà ni ó dá nìkan wa ọkọ̀ fún nǹkan bí wákàtí 23 ní Le Mans ní 1952, tí ó sì kù díẹ̀ kí ó gba ife ẹ̀yẹ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó bàjẹ́. Ìjọba ilẹ̀ Faransé ṣe ìwádìí. Àbájáde rẹ̀ ni pé kò sí awakọ̀ kan tí a lè sọ pé òun ni ó jẹ̀bi. Ààbò tí ó wà fún àwọn òǹwòran ni kò tó.

Àwa fara mọ́ ìdájọ́ náà. Ohun tí a kò fara mọ́ ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fà yọ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé kò sí awakọ̀ tó jẹ̀bi, wọn a mí kanlẹ̀, wọn a ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn kí a tó ti ẹ̀bi ènìyàn sí Ọlọ́run lọ́rùn.

Ní 1923, ọkọ̀ tí ó borí ní Le Mans kò sá ju nǹkan bí 92 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, bí a bá pín gbogbo ìrìn rẹ̀ dọ́gba. Ní 1955, ọkọ̀ tí ó borí sá tó 172, àwọn tí ó yá jù lọ sì ń kọjá 270 níbi tí ọ̀nà ti gùn tọ́ọ́rọ́. Ǹjẹ́ ọ̀nà tí ó wà níwájú àwọn òǹwòran bá eré náà dàgbà? Rárá o. Ọ̀nà náà há. Kò sí ògiri láàárín ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró bu epo àti ibi tí ọkọ̀ ti ń sáré. Kò sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ tí ẹni tí ó fẹ́ dúró lè gbà kí ó tó dẹwọ́ eré. Òkìtì erùpẹ̀ tí kò ga tó àgbàlagbà ni gbogbo ààbò tí ó wà fún ìyá àti ọmọ. Àwọn baba wa ní ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míràn. Ọgbọ́n 1923 ni wọ́n fi ń ṣọ́ eré 1955. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri Le Mans sì ti lanu tipẹ́tipẹ́ kí Macklin tó yà sí òsì.

Ẹ̀rí tí ó dá wa lójú jù lọ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Kí eré ti 1956 tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje, wọ́n ti wó àwọn ilé tí ó wà níbẹ̀, wọ́n tún wọn kọ́, wọ́n fẹ ọ̀nà, wọ́n sì sún àwọn òǹwòran sẹ́yìn. Ọdún kan péré ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. A bi gbogbo ẹni tí ó ń pe ọ̀ràn náà ní àmúwá: iṣẹ́ tí ó ṣeé ṣe ní ọdún kan lẹ́yìn tí ènìyàn kú, kí ni kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe ní ọdún kan kí wọ́n tó kú? Owó wà, òye wà, òṣìṣẹ́ wà. Ìfòyà nìkan ni kò tíì sí.

Ọ̀rọ̀ kejì tí a kò lè ṣàì mẹ́nu kàn ni pé eré náà kò dúró. Òkú wà nílẹ̀, ọkọ̀ ń sáré. Charles Faroux tí ó jẹ́ olùdarí eré ṣàlàyé pé bí òun bá dá a dúró, gbogbo èrò yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọkọ̀ tí ń gbé àwọn tó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, a kò lè bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n lọ́gànjọ́ òru, àṣẹ dé láti Jámánì pé kí Mercedes kó ọkọ̀ rẹ̀ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ wọn ni ó wà níwájú nígbà náà. John Fitch, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun àti Levegh jọ ni ọkọ̀ kan náà, ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ké sí Jaguar kí ó bá wọn kúrò, Jaguar kọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Hawthorn àti Ivor Bueb gba ife ẹ̀yẹ lẹ́yìn tí wọ́n yí ọ̀nà náà ká ní ìgbà 307, ayàwòrán sì ya Hawthorn níbi tí ó ti ń fi ọtí ṣe àjọyọ̀. Bí ó bá jẹ́ nítorí ọ̀nà ilé ìwòsàn ni eré kò fi dúró, kí ni ife ẹ̀yẹ àti ọtí ń wá níbẹ̀? Ìdí tí ó tọ́ ní agogo méje alẹ́ kì í sábà tọ́ mọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Mercedes ṣe ohun tí ó bójú mu, a sì yìn ín fún un. Ó gba ìdíje àgbáyé ọdún náà ní Sicily ní oṣù kẹwàá, lẹ́yìn èyí ni ó fi eré ìje sílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ.

Àwọn orílẹ̀-èdè ńkọ́? Switzerland fi òfin de irú eré bẹ́ẹ̀ pátápátá, òfin náà sì dúró fún ohun tí ó lé ní 60 ọdún. Ẹgbẹ́ American Automobile Association, tí ó ti ń ṣe alábòójútó eré ìje ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà tipẹ́, yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní òpin ọdún náà. Àwọn mìíràn dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì tún padà sí bí wọ́n ti ń ṣe. Ní Dundrod, ní oṣù kẹsàn-án 1955, awakọ̀ mẹ́ta kú nínú eré kan ṣoṣo. Ní Ítálì, Mille Miglia ń bá a lọ ní ojú pópó, láàárín àwọn ará abúlé, títí di ọdún 1957 tí ọkọ̀ kan ya wọ inú èrò. Awakọ̀ méjì inú rẹ̀ kú, òǹwòran mẹ́sàn-án sì kú, márùn-ún nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fòpin sí i. Ní Le Mans fúnra rẹ̀, àwọn awakọ̀ ṣì ń sáré fi ẹsẹ̀ dá ọ̀nà kọjá, wọn a bẹ́ sínú ọkọ̀, wọn a sì gbéra láì de ìgbànú ààbò. Ní 1969, Jacky Ickx kọ̀ láti sáré. Ó rọra rìn lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó de ìgbànú rẹ̀, ó sì gbéra kẹ́yìn gbogbo wọn. Ní ọjọ́ náà gan-an, John Woolfe kú ní yíyípo àkọ́kọ́, kò sì de ìgbànú. Ickx tí ó gbéra kẹ́yìn ni ó gba ife ẹ̀yẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ewu ni adùn eré náà, àti pé ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù iná kì í ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. A gbà fún awakọ̀. Ó mọ ohun tí ó wọ̀, ó sì ń gba owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ra ìwé ìwọlé láti wá wòran kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú ikú. Ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba ẹ̀mí rẹ̀ ṣọ́.

A kò sì fara mọ́ ti Switzerland, pé kí a pa eré rẹ́. Hawthorn tí ó la Le Mans já, ojú pópó lásán ni ó kú sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kìíní 1959. Ibi gbogbo tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń yí ni ewu wà. Fitch ni a rí gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe. Kò jókòó sunkún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan. Ó di olùṣẹ̀dá ohun ààbò, ó sì ṣe àwọn àgbá oníke tí a kó iyanrìn sí, tí wọ́n ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Amẹ́ríkà kí ọkọ̀ tí ó bá yapa lè rí ohun rírọ̀ gún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí pápá ìṣeré, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ ń pe ogunlọ́gọ̀ jọ sí gbangba, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí ẹ tó ké sí èrò, ẹ fi ẹsẹ̀ yín wọn ibi tí wọn yóò dúró. Ẹ wo ọ̀nà tí wọn yóò gbà jáde bí nǹkan bá dé. Ẹ béèrè bóyá ààbò tí ó tó fún èrò ọdún mélòó kan sẹ́yìn ṣì tó fún ti òní. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dá yín lóhùn pé kò tíì sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ rí, ẹ rántí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọn ìbá ti dáhùn ní Le Mans ní òwúrọ̀ ọjọ́ 11 oṣù kẹfà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.