Iṣẹ́ Àkọsílẹ̀ Ilé Ìwòsàn Tó Ohun Tí A Ń Yá Owó Lé

Bí ọmọ bá ti parí ìwé mẹ́wàá, dókítà, nọ́ọ̀sì àti lọ́yà ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo wa. Mo fẹ́ kí a wo iṣẹ́ kan tí a ń fojú di: iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn.

"Àwọn oní-káàdì" ni a ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju òje lọ. Àwọn ló ń fún aláìsàn ní nọ́ńbà, tí wọ́n ń to fáìlì rẹ̀ kí a lè tètè rí i lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn ló ń fi àmì tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ sí àìsàn kọ̀ọ̀kan, kí ìjọba lè mọ iye ẹni tí ibà mú àti iye ìyá tó kú lórí ìkúnlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tó ń jókòó ti dókítà, tí wọ́n ń tẹ ohun tó bá aláìsàn sọ sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ohun tí ìwé jẹ́. Bí akápò bá kọ owó Ìyá Bọ́sẹ̀ sí ojú ìwé Ìyá Bọ́lá, ariwo á sọ, a ó sì tún un kọ. Bó bá jẹ́ pé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ló wọ fáìlì ẹlòmíràn ńkọ́? Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ẹnì kan kì í gba pẹnisílíìnì, abẹ́rẹ́ kan lè pa á. Ìyẹn kò ṣe é tún kọ.

Láti ọdún 1989 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Nàìjíríà tó ń ṣètò iṣẹ́ yìí. UCH Ìbàdàn wà lára ibi tí a ti ń kọ́ ọ. Kí òbí tó san kọ́bọ̀, kó béèrè bóyá ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ wọ̀. Kí ó sì wo ìwà ọmọ náà: ẹni tí inú rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀, kó má ṣe é, nítorí àṣírí aláìsàn ni yóò máa kà lójoojúmọ́.

Àwọn kan á ní owó ọjà ni owó ẹgbẹ́, pé ọmọ ilé ìwé kò lè san gbèsè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òbí ni yóò yá a, pẹ̀lú onídùúró méjì. Kí a máa san án fún ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún, kí a má kó o léni lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí òbí sì máa dá a padà lóṣooṣù bí a ti ń ṣe. A ń yáni lówó ìsìnkú láì béèrè ohun tí yóò mú wálé. Èyí tí yóò fi iṣẹ́ sí ọmọ lọ́wọ́ kò yẹ kó ni wá lára.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò, kí ẹ sì mú èrò yín wá sí ìpàdé gbogbogbòò. Ajé á wá o.