Ẹ Ka Wáàtì Kí Ẹ Tó Ka Owó: Ọ̀rọ̀ Kọ̀ǹpútà Géèmù Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà géèmù ti tún gba inú ilé kan o. Àwọn ọmọ ń tọrọ, àwọn bàbá ń bínú, àwọn ìyá ń bá wọn bẹ̀bẹ̀. Àwa ò ní sọ pé kí ẹ rà á tàbí kí ẹ má rà á. Ẹni tó bá ti pinnu láti rà á la ń bá sọ̀rọ̀, torí pé owó tó ń ṣòfò lórí nǹkan yìí láàárín wa ti ń pọ̀ jù.

Ohun tí a fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ: níbi tí a wà yìí, wáàtì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò kí ẹ tó ṣírò náírà. Ọ̀pọ̀ fídíò tí àwọn ọmọ ń wò lórí YouTube nípa bí èèyàn ṣe lè to kọ̀ǹpútà géèmù pẹ̀lú owó kékeré, ibi tí iná kì í lọ ni wọ́n ti ṣe é. Òyìnbó tó ń yin graphics card kan pé kò wọ́n, ó ṣeé ṣe kó má tíì fìgbà kan ronú bátìrì. Àwa ńkọ́? Tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, orí inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ ni géèmù náà á ti máa lọ, ìgbà yẹn gan-an la sì máa ń mọ iye tí a ra kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bátìrì 12 volt tó jẹ́ 200Ah, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Ìlọ́po 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400. Ìyẹn ni pé, lórí ìwé, ó lè gbé ẹrù 2,400 wáàtì fún wákàtí kan, tàbí ẹrù 240 wáàtì fún wákàtí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí irú bátìrì olómi bẹ́ẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́ òun kì í lò ó kọjá ìdajì. Ó ku 1,200. Inverter fúnra rẹ̀ á sì bu tirẹ̀ jẹ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ní graphics card bíi RX 6600, pẹ̀lú monitor rẹ̀, máa ń fa nǹkan bíi 250 wáàtì tí géèmù bá ń lọ lọ́wọ́. Wákàtí mẹ́rin, ó ti tán! A ò tíì ka fáànù, a ò tíì ka gílóòbù. Tí wọ́n bá mú iná lọ ní agogo méje, tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ géèmù lójú ẹsẹ̀, nígbà tó bá máa fi di agogo mọ́kànlá gbogbo ilé ti wà nínú òkùnkùn, tí ooru sì ń bọ̀ wọ́n. Nínú oṣù kẹrin, ní Kánò! Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí bazara ṣe rí níbí.

Ẹ wá wo kọ̀ǹpútà kejì. Èyí kò ní graphics card lọ́tọ̀ rárá. Processor rẹ̀ ni Ryzen 5 5600G, tó jáde ní 2021, tí agbára àwòrán ti wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun àti monitor, nǹkan bíi 100 sí 120 wáàtì ni wọ́n máa fà. Bátìrì kan náà á gbé e tó wákàtí mẹ́jọ. Ṣé ó lè gbé géèmù? Ó gbé e. Valorant, Minecraft, GTA V, Fortnite, gbogbo wọn ló ń ṣe, tí ọmọ bá ti gbà láti dín ẹwà àwòrán kù díẹ̀. Àwọn géèmù ńláńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde kò ní lọ dáadáa lórí ẹ̀, a ò ní tan yín. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ la ní kí ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ilẹ̀kùn ò tì. Lọ́dún tó ń bọ̀, tí owó bá dé, tàbí tí ẹ bá fi kún bátìrì, ẹ lè ra graphics card kí ẹ kì í bọ inú rẹ̀, kí ohun gbogbo tó kù sì wà bó ṣe wà.

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa sọ pé AM4, ìyẹn irú motherboard tí Ryzen yẹn ń jókòó lé, ti di ọjà àtijọ́, pé AM5 ni kí wọ́n rà kó lè pẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn dáa létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún àpò wa. AM5 kì í gba RAM míì àfi DDR5, bẹ́ẹ̀ láti òpin ọdún 2025 ni RAM ti gbówó lórí káàkiri ayé, torí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ AI ló ń kó o. DDR4 pàápàá ti wọ́n sí i, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti lò rí pọ̀ lójà. Tí ẹ bá fẹ́ 16GB, ẹ ra oní-8GB méjì, ẹ má ra oní-16GB ẹyọ kan. Kì í ṣe àṣejù o. Processor tó ní àwòrán nínú kò ní RAM tirẹ̀, ti kọ̀ǹpútà ló ń yá lò, tó bá sì jẹ́ ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ẹrù á máa gbà kọjá. Ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń hàn sí ojú.

Ẹ tún ṣọ́ra fún lẹ́tà kékeré kan: F. Processor Intel tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí F, bíi i3-12100F tàbí i5-12400F, kò ní àwòrán nínú rárá. Ó sábà máa ń dín owó díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń rà á. Ẹni tó bá rà á láìní graphics card, ojú dúdú ni monitor á máa fi wò ó.

Ti "i7" ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dun wá jù. Àwọn òbí wa ti gbọ́ pé i7 ju i5 lọ, i5 ju i3 lọ, wọ́n sì rò pé ó parí síbẹ̀. Wọ́n á wá gbé kọ̀ǹpútà tó ní i7-2600 fún ìyá kan pé "màmá, i7 nìyí o". Òótọ́ ni, i7 ni. Ṣùgbọ́n ọdún 2011 ló jáde. i3-12100 tó jáde ní 2022 ní core mẹ́rin àti thread mẹ́jọ bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì yára jù ú lọ fíìfíì, láìjẹ iná tó o. Yàtọ̀ síyẹn, Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì ka i7-2600 yẹn kún èèyàn. Láti ìran kẹjọ Intel sókè ló ń gbà. Ọmọ tó bá fẹ́ ta Valorant lórí Windows 11 máa nílò TPM 2.0 àti Secure Boot. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa bi ọ̀gá tó ń tajà ni pé ìran kelòó ni. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i7 náà ni kí ẹ wò.

Ìran kẹjọ yẹn ló jẹ́ ká fẹ́ràn tòkunbọ̀ ọ́fíìsì, àwọn Dell OptiPlex àti HP EliteDesk tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ń kó sílẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tó ti Ryzen, ó lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ra èyí tó ga, tó dúró bí àpótí, kì í ṣe pẹlẹbẹ, torí pé pẹlẹbẹ kì í gba graphics card àfi èyí tó kúrú. Power supply inú wọn kì í sábà tó 300 wáàtì, ti Dell kì í sì í jẹ́ kí èèyàn kan fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Graphics card tí ẹ máa fi sí i gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò nílò wáyà iná tirẹ̀, tó ń jẹun láti ojú ihò motherboard nìkan. Ohun tí ihò yẹn lè fún un ò ju 75 wáàtì lọ. GTX 1650 wà ní irú bẹ́ẹ̀, kò gba àgbàyanu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, bátìrì yín ò sì ní sunkún.

Ẹ fi wé RX 580 tí wọ́n ń tà ní gbàǹjo káàkiri. 185 wáàtì ló ń jẹ, òun nìkan o. RX 6600 ń jẹ 132, ó sì ju RX 580 lọ dáadáa nínú géèmù. Èyí tí ẹ rà ní owó pọ́ọ́kú, ẹ máa san ìyókù rẹ̀ fún elépo bẹntiróòlù. Púpọ̀ nínú RX 580 tó wà lójà ni wọ́n ti fi wa Ethereum tọ̀sán-tòru, kí Ethereum tó fi irú iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 tí gbogbo wọn fi ya wọ ọjà. Òmíràn tiẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní 2048SP, orúkọ kan náà, agbára rẹ̀ ò tó ti ojúlówó. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ GPU-Z: ẹ gbé e sórí flash, ẹ ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó, á sọ orúkọ tí káàdì náà ń jẹ́ gan-an fún yín. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ dán an wò, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Power supply ni ibi tí a ti ń pariwo. Gbogbo èèyàn ló ń fi ìyẹn sí ìkẹyìn, wọ́n á wá ra èyí tí wọ́n kọ "500W" sí lára tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Iná ibí kì í wọlé jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tó bá wọlé tagbára-tagbára, power supply burúkú kì í dá lọ, á mú motherboard dání. Ẹ wá èyí tó ní àmì 80 Plus láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí èèyàn mọ̀. 450 tàbí 550 tó, kò dìgbà tó bá di 800. Ẹ sì béèrè bóyá pure sine wave ni inverter yín, torí pé àwọn power supply tó dáa lè kú fin tí iná àdábọwọ́ tí kò mọ́ bá kàn wọ́n.

Ní ti àpótí rẹ̀, gíláàsì àti iná aláwọ̀ mèremère ò bá Kánò lò. Tí ọyẹ́ bá dé, hunturu tí àwọn ará ibí ń pè é, eruku láti apá Chad ló ń wọ inú yàrá wa. Èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ asẹ́ ni kí ẹ rà, kí ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ sì ṣí i nù tí ọyẹ́ bá ti lọ.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Ikeja tó máa ní "fi owó ránṣẹ́, màá fi í sínú mọ́tò". Computer Village tóbi, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 1,000 kìlómítà ni, graphics card tí wọn ò yọ kí wọ́n tó gbé e sínú mọ́tò lè já ihò motherboard ya. Tó bá sì dé tí kò tan, ta ni ẹ máa gbé e padà fún? Ó tẹ́ wa lọ́rùn kí ẹ fi díẹ̀ kún un ní Beirut Road, níbi tí ẹ ti lè padà lọ dúró níwájú ẹni tó tà á.

Ilé tí kò bá ní inverter rárá, tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ ń dá mọ́, kí ẹ jọ̀ọ́ ra laptop tòkunbọ̀ tó ní graphics card nínú. Kò ṣeé fi kún bíi ti àpótí, ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ kéré, ọmọ á sì lè fi ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí epo ò bá sí.

Ó ku ti data. GTA V nìkan ju 100GB lọ, tí gbogbo ọmọ àdúgbò bá ń fi data fóònù wà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin òbí lẹ máa san án. Steam ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan gba géèmù láti ara òmíràn tí wọ́n bá jọ wà lórí Wi-Fi kan náà, láìná data lórí ẹrù náà, bí ẹni tó ń gbà á bá ti ní géèmù náà lórí Steam tirẹ̀. Ẹni tó bá ti ní i ní Sabon Gari, kó sọ fún wa, ká lè mọ ilé tí àwọn ọmọ máa gbé kọ̀ǹpútà wọn lọ ní ọjọ́ Sátidé.