Lọ́yà Tó Gba Epo Sílẹ̀

Lẹ́tà náà kò ju ojú ewé kan àti àbọ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan, nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ló tẹ́ ẹ síwájú mi lórí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ tí kì í kọ ìlà mẹ́ta lórí fóònù kó má ṣàṣìṣe ló fọwọ́ sí i, àmọ́ kò sí kọ́mà kan tó ṣìnà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń tún ilé iṣẹ́ tò, kò sí àyè fún un mọ́. Ẹ̀sùn ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó fi sùn wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, wọn kò fẹnu bà á. Mo ní, "Àǹtí, lọ́yà ló kọ èyí."

Lọ́yà tó bá mọ̀ pé nítorí àwọ̀ ni wọ́n fi fẹ́ lé èèyàn, tó wá bá wọn wá irọ́ tí yóò bò ó mọ́lẹ̀, kí òun náà wá jẹ́jọ́, kó sì san owó gbà-má-bínú látinú àpò ara rẹ̀. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Òfin ti wà fún un. Abala 112 nínú Òfin Ìdọ́gba ọdún 2010 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti rú òfin náà. Kò yọ lọ́yà sílẹ̀. Lábẹ́ òfin 1976 tó ṣáájú rẹ̀ pàápàá, akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ méjì pe Yunifásítì South Bank lẹ́jọ́: yunifásítì lé wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 2001, àwọn adájọ́ tó ga jù ní kí yunifásítì lọ jẹ́jọ́ pé ó ran ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ láti hùwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí wọn, nítorí ìrànlọ́wọ́ ni ìrànlọ́wọ́ ń jẹ́, ì báà ṣe kékeré. Ẹni tó wá jókòó kọ lẹ́tà ìléni ńkọ́?

Abẹ́ àṣírí ni àwọn lọ́yà ń sá sí. Ohun tí lọ́yà bá bá oníbàárà rẹ̀ sọ, kóòtù kì í sábà tú u wò. Ní 2019, òṣìṣẹ́ Shell kan tó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ nítorí àìlera òun mú ímeèlì kan wá, níbi tí lọ́yà ti ń wò ó bóyá wọ́n lè fi ìdínkù òṣìṣẹ́ yọ ọ́. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n pa á dé, pé irú ìmọ̀ràn tí àwọn lọ́yà ń fúnni lójoojúmọ́ ni. Lójoojúmọ́! Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Wọn á ní apààyàn pàápàá ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò. Ó ní in. Kí agbẹjọ́rò gbèjà rẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti ṣẹ̀, n kò bá a jà. Kó sọ fún un pé òfin kọ ohun tó fẹ́ ṣe, mo kí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá a pọ́n ọ̀bẹ, ṣé agbẹjọ́rò nìyẹn?

Oṣù mẹ́ta dín ọjọ́ kan ni òfin fún ọ̀rẹ́ mi nígbà náà láti pẹjọ́. Orúkọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ sí àyè olùjẹ́jọ́ àkọ́kọ́. Àyè kejì wà níbẹ̀. Òfìfo ló fi í sílẹ̀, torí kò mọ orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà.