Ẹ Jẹ́ Ká Bi Mẹkáníìkì Ìlá Ká Tó Ra Benz

Láàárín àwa ọmọ Ìgbómìnà tó ń kọ kóòdù jẹun, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: tí owó dọ́là gidi bá ti wọlé, Benz C300 ló kàn. Kò sẹ́ni tó máa bi wá bóyá ọkọ̀ náà á lè ti Ìlá dé Òkè-Ìlá nígbà òjò. "Tọdún wo ni tìẹ?" ni wọ́n máa ń bèèrè. Àwa ò gbà. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ olówó ló wu ọmọ Ìlá, Lexus ES 350 ni kó kọ́kọ́ rà.

Ẹ wo ẹ́ńjìnì rẹ̀ ná. ES 350 tó jáde lọ́dún 2006 gbé ẹ́ńjìnì Toyota kan tó ń jẹ́ 2GR-FE, lítà mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ́ńjìnì yìí kan náà ni wọ́n kó sínú Camry V6, òun náà ló tún wà nínú Sienna. Sienna kẹ̀! Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó èrò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí iṣu àti adìẹ kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú. Mẹkáníìkì tí ò fọwọ́ kan Lexus rí láyé ẹ̀ ti lè tú ẹ́ńjìnì yẹn, kó sì dì í padà lábẹ́ igi máńgòrò. Benz ńkọ́? Iná kan á kàn tàn níwájú dírẹ́bà, ẹni tó sì mọ ohun tí iná ọ̀hún ń wí lè jẹ́ Òṣogbo tàbí Ìlọrin ló wà. Tí ẹ bá sì rí i, ẹ̀yà tó fẹ́ pààrọ̀, Ládípọ̀ l'Ékòó ló ti ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ táyà tún wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ C300 tó jáde lẹ́yìn 2014, tí wọ́n kó ti Amẹ́ríkà dé, ni kò ní ẹ́sítírà táyà rárá. Run-flat ni wọ́n fi sí i: tó bá jò, ó ṣì lè rìn tó 80 kìlómítà, lórí ọ̀nà tó dáa o. Ìtàn ní ogbó baba wa tó mọ̀nà ni wọ́n fi ń pè wá ní Ìgbómìnà. Ogbó yẹn ò bá kòtò pàdé rí. (Lexus náà ń mu epo, a ò ní purọ́ fún yín, pàápàá látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́dún 2023.)

Wọ́n á ní Lexus, ọkọ̀ àwọn bàbá àgbà ni. Wọ́n á ní ẹni tó bá gbé Benz wọ̀lú nígbà Kérésì, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé ọmọ ìyá yìí ti ṣe é. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, a ò ní fi ṣẹ̀fẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń tẹ kọ̀ǹpútà mọ́jú, tí àwọn ará ilé ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Yahoo ló ń ṣe, ó fẹ́ ohun tó máa pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àmọ́ ṣé Benz ló máa pa wọ́n lẹ́nu mọ́? Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde fún EndSARS ní oṣù kẹwàá 2020, lára ẹ̀sùn wọn ni pé ọlọ́pàá ń dá ọmọ tó bá gbé ọkọ̀ tó rẹwà àti láptọ́ọ̀pù dúró, wọ́n á sì pè é lólè. Ìyá kan náà yẹn, tí ẹ̀jẹ̀ bá ru lóru, ọkọ̀ tó máa gbé e dé Òṣogbo ló nílò. Èyí tó ń dúró de ẹ̀yà láti Èkó ò lè ṣe é.

Ìyàlẹ́nu gbáà ló jẹ́ pé àwa tí a máa ń yẹ kóòdù ẹlòmíì wò fínnífínní ká tó fi kún tiwa, àwa náà là ń ra tòkunbọ̀ ọlọ́pọ̀ mílíọ̀nù torí pé ó ń dán. Ẹ ka VIN rẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìṣirò ni wọ́n fi ń rí ìkẹsàn-án láti ara àwọn 16 yòókù: ẹ ó pín in sí 11, ohun tó bá ṣẹ́ kù nìyẹn, X sì dúró fún 10. Kóòdù ìlà díẹ̀ ló máa gbà. Tí kò bá bára mu, ẹnì kan ti fọwọ́ ba nọ́ńbà náà, ẹ máa lọ. Tó bá bára mu, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán láti ibi gbàǹjo lè yọjú, kí ẹ rí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti fọ́ jégéjégé lára ọkọ̀ tí wọ́n ní kò kọlu nǹkan rí.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó sanwó l'Ékòó, ẹ pe mẹkáníìkì tó wà ní Ìlá. Ẹ bi í bóyá ó ti tú irú ẹ̀ rí. Tó bá ní rárá, ẹ dá owó yín padà sápò.