Orúkọ Olórúkọ Kì Í Ṣe Ìwọ̀fà

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣe ìkànnì ayélujára fún oníṣòwò, ẹ̀yin tí ẹ gbé pátákó ilé-iṣẹ́ dígítà kọ́ ní Yaba, ní Ìkẹjà, ní Bódìjà, ẹ pa kọ̀ǹpútà yín dé ná. Ìbáwí ni mo bá wá. Àwọn tó ń yìn yín pọ̀ lórí Instagram. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín wí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣàjèjì sí yín. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì ń ṣe é, òun ló dùn mí jù.

Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú tó fi ata sẹ́nu, ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́, kí là ń pè é? Ìyá aláàdìrẹ kan á gbéra láti Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, á ní òun náà fẹ́ kí ará Lọ́ńdọ̀nù rí ọjà òun. Á ka owó lé yín lọ́wọ́: owó iṣẹ́, owó hosting, owó dómeènì. Ẹ ó fi owó ìyá ra orúkọ ṣọ́ọ̀bù ìyá, ẹ ó wá fi orúkọ ara yín, nọ́ńbà yín àti ímeèlì yín gbà á sílẹ̀. Ìyá kò mọ̀. Ó ti tẹ orúkọ náà sára báàgì ọ̀rá, ó ti kọ ọ́ sára pátákó, ó ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ẹ ó ní kó mú owó wá kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Tàbí kẹ̀, ẹ ó ti yí nọ́ńbà padà, ẹ ó ti bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀ lọ sí Kánádà. Ọdún á yí po, kò ní sí ẹni tó san owó ìsọdọ̀tun, orúkọ á sì kú. Bí dómeènì .com bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni báyẹn, ọjọ́ 30 péré ló máa ń kù tí a fi lè rà á padà, owó gọbọi sì ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá wù ú á rà á. Tí ará Lọ́ńdọ̀nù bá wá àdìrẹ wá síbẹ̀, tẹ́tẹ́ ni yóò bá.

Ta ló ni orúkọ náà? Mo bi yín, ta ló ni ín? Owó ta ni ẹ fi rà á?

Ẹ má sọ pé ẹ kò mọ òfin. NiRA ló ń bójú tó gbogbo orúkọ tó parí sí .ng. ICANN ló ń ṣòfin fún .com àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òfin ICANN ní ẹni tó ni dómeènì lè bèèrè kóòdù tí yóò fi kó o lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ilé-iṣẹ́ tó tà á sì gbọ́dọ̀ fi kóòdù náà lé e lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 5. Ẹ̀tọ́ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa fún? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni. Ìyá aláàdìrẹ kò sí nínú ìwé. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Ìwọ lo jókòó sórí ẹ̀tọ́ ìyá bí ẹni jókòó sórí àpótí.

Láyé àtijọ́, a máa ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè. Ó burú, a sì ti kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀, gbèsè ìwọ̀fà ayé ọjọ́un ní iye tí gbogbo ẹbí mọ̀, ó sì ní ẹlẹ́rìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá san án tán, ìwọ̀fà á padà sílé. Ìyá aláàdìrẹ jẹ yín ní èló? Kò jẹ yín ní kọ́bọ̀. Ó ti sanwó tán, orúkọ rẹ̀ ṣì ń sìn yín. Bí àwọn baba wa tó gba ìwọ̀fà bá jí rí èyí, ṣé wọn kò ní bo ojú wọn?

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ wí. Ẹ ó ní, "Bàbá, àwọn oníbàárà kì í sanwó tán. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ fún wọn, wọ́n di àwátì." Òótọ́ ni, irú wọn wà. Wọ́n á san owó ojú ìwé 5, wọ́n á máa bèèrè 12, wọ́n á sì tún máa bú yín kiri. Mi ò gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ kò fi ẹnu kò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀? Kọ ọ́ sílẹ̀: iye ojú ìwé, iye ìgbà tí wọ́n lè ní kí o tún un ṣe, ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí, ẹni tó máa kó fọ́tò àti ọ̀rọ̀ wá. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Gba ìdajì owó ṣáájú. Jẹ́ kí iṣẹ́ wà lórí àdírẹ́sì tìrẹ níbi tí wọ́n ti lè máa yẹ̀ ẹ́ wò, títí ìyókù owó yóò fi wọlé. Lẹ́yìn náà ni kí o gbé e sórí orúkọ oníbàárà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni o lè dá dúró. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Má fọwọ́ kàn án. Orúkọ olórúkọ kì í ṣe ìwọ̀fà.

Olówè ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ọgọ́gà ìlú Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn náà dé ibi ìpàtẹ ní Wembley ní 1924, British Museum ló sì wà di òní. Ayé mọ ọwọ́ Olówè lára igi láìjẹ́ pé ó fi kọ́kọ́rọ́ ààfin sápò. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ yín kò lè pe oníbàárà padà ni, àfi kí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ẹ má rò pé mo ti fò yín. Ẹ gba iṣẹ́ ní owó ńlá, ẹ bu díẹ̀ níbẹ̀ fún ọmọ kan tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ lóru. Oníbàárà kò mọ̀ ọ́n, òun náà kò mọ oníbàárà. Owó tí ẹ fún un kò tó ra theme gidi, ló bá lọ wá èyí tí wọ́n jí. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Theme àti plugin olè sábà máa ń ní ihò tí olè mìíràn ti gbẹ́ sínú wọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ WordPress ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2003, theme ọ̀fẹ́ tó mọ́ sì kún ibẹ̀ bámúbámú. Ẹ tún ń gba owó ààbò https lọ́wọ́ oníbàárà lọ́dọọdún, nígbà tí Let's Encrypt ti ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2015. Bí ẹ bá ń gbowó wàhálà yín, ẹ pè é ní owó wàhálà. Ẹ má ta omi òjò fún ìyá tó gbé garawa wá.

Owó dátà ńkọ́, ta ló ni ín? Ẹni tó fẹ́ ra àdìrẹ wà nínú bọ́ọ̀sì, dátà ọgọ́rùn-ún náírà ló kù lórí fóònù rẹ̀. Ẹ gbé fọ́tò oní-mẹ́gábáìtì 5 síwájú rẹ̀, mẹ́wàá lọ́wọ́ kan, fídíò tún ń yí lẹ́yìn wọn. Google ní kí ohun tó tóbi jù lójú ìwé yọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2.5. Tiyín kò tíì yọ nígbà tí bọ́ọ̀sì ti kọjá Ojúẹlẹ́gbà. Ẹ dín fọ́tò kù kí ẹ tó gbé e sókè. Bí ẹ bá sọ ọ́ di WebP, kò yẹ kó ju kílóbáìtì 200 lọ, àdìrẹ náà yóò sì ṣì dán. Ẹ dán ìkànnì wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, kì í ṣe lórí Macbook yín nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi lẹ́tà eérú kọ̀wé sórí funfun, ẹ ní ó gbayì. Ojú àgbà kò ríran tó tiyín. Ìlànà W3C ní kí ìyàtọ̀ lẹ́tà sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1. Ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tó ṣàpèjúwe àwòrán sínú kóòdù fún afọ́jú tí ẹ̀rọ ń kàwé fún. Àbí owó tirẹ̀ kì í ṣe owó?

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2021, iná jó ilé ẹ̀rọ OVHcloud ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn tó ní ẹ̀dà iṣẹ́ wọn níbòmíràn ṣí ìkànnì wọn padà. Àwọn tó kó gbogbo rẹ̀ sójú kan pàdánù rẹ̀. Bí iná bá lè jó ilé àwọn yẹn, kí ni hosting olówó kékeré tiyín? Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ẹ fi wọ́n sí oríṣi ibi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan jìnnà sí ìyókù. Ẹ sì gbìyànjú láti fi ẹ̀dà náà dá ìkànnì padà nígbà tí kò tíì sí ewu. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Kí lẹ fẹ́ wò lẹ́yìn nígbà tí ẹ kò tọ́jú nǹkan kan síbẹ̀?

Orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà àwọn tó ra ọjà lórí ìkànnì yẹn ńkọ́, ta ló ni ín? Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 kò ní kí ẹ kó o fún ọ̀rẹ́ yín tó ń ta ilẹ̀. Bí ó bá jò síta tó sì lè pa ènìyàn lára, wákàtí 72 ni òfin fún ẹni tó ni iṣẹ́ náà láti fi tó àjọ ìjọba létí. Ìyá aláàdìrẹ kò ní mọ̀ pé ó jò bí ẹ̀yin kò bá sọ fún un.

Èyí tó kù yìí, àwọn baba ńlá wa gan-an ló kàn. Ní 1875, àwọn àgbà jókòó ní Èkó, wọ́n fẹnu kò lórí bí a óò ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1884, Bíbélì Yorùbá ti jáde odindi, lẹ́tà irin ni wọ́n fi ọwọ́ tò ọ́, àmì sì wà lábẹ́ lẹ́tà rẹ̀. Ẹ̀yin tí kò sí irin lọ́wọ́ yín ni ẹ ní àmì ń yọ yín lẹ́nu? Ẹ mú fọ́ǹtì tó wù yín láìwò bóyá ó mọ ẹ́ àti ọ̀. Àpótí òfìfo ló ń yọ níbi tí lẹ́tà wa yẹ kó wà. Unicode kò fún ẹ́ ní ipò tirẹ̀ lódindi, ẹ àti àmì rẹ̀ ni a ń so pọ̀, nítorí náà ẹ wá fọ́ǹtì tó mọ̀ ọ́n so. Noto tí Google ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ lang="yo" sórí ojú ìwé kí ẹ̀rọ tó ń kàwé mọ̀ pé èdè Yorùbá ni. Èdè yìí, ta ló ni ín? Tiwa ni. Ilé ẹni la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ sì jáwọ́ nínú irọ́ pé ẹ ó sọ ìkànnì oníbàárà di àkọ́kọ́ lórí Google láàárín oṣù kan. Google fúnra rẹ̀ ti sọ pé kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún ìyẹn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹ lọ ṣe èyí kí oṣù yìí tó parí. Ẹ yí gbogbo dómeènì tó wà lọ́rùn yín sí orúkọ ẹni tó sanwó rẹ̀. Ẹ kó gbogbo páásíwọ́ọ̀dù sínú ìwé kan, kí ẹ fi lé oníǹkan lọ́wọ́, kí ẹ ní kó yí wọn padà lójú yín. Ẹ kọ ọjọ́ ìsọdọ̀tun fún un. Ẹni tó bá ṣe é, oníbàárà tó lè lọ tí kò lọ ni yóò máa ní. Ẹni tó bá kọ̀, kó rántí pé ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun; ọjọ́ yẹn kì í sọ fún ni kó tó dé.