Ẹ Má Jẹ́ Kí Ó Nìkan Sáré

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan èmi fúnra mi, nítorí mo jẹ̀bi níbẹ̀.

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí ó ń sáré fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbà èwe. Lẹ́yìn ọmọ mẹ́ta, ó ṣì ń jí sáré ní ìdájí. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀: kí ni ìyá ọmọ ń lé, tàbí kí ni ó ń lé e? Ọkọ rẹ̀ mú ẹjọ́ rẹ̀ wá bá mi. Mo ṣí 1 Tímótì 4:8 fún un, mo sì ní kí ó jókòó sílé. Ó gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe eré ìdárayá. Èmi ni mo fi tèmi kún un.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó wá fún àdúrà. Oorun kò kun ún mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti bá a. Ó ní, “Pásítọ̀, ohun kan tí ó máa ń mú ọkàn mi fúyẹ́ ni ẹ gbà lọ́wọ́ mi yẹn.” N kò rí èsì fọ̀.

Eliud Kipchoge ọmọ Kẹ́ńyà ni mo rántí. Ní October 12, 2019, ní ìlú Vienna, ó sá kìlómítà 42 àti díẹ̀ ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà. Àwọn sárésáré 41 ni wọ́n ń gbara wọn ṣe níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ láti bò ó lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Ìyẹn wà lára ìdí tí wọn kò fi kà á sí àkọsílẹ̀ àgbáyé. Bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá nílò ènìyàn 41, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ńkọ́?

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo kéde nínú ìjọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ bá a sáré kí ó wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ Sátidé. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n wá. Àwọn alàgbà fi wákàtí méjì jiyàn lórí aṣọ tí wọn yóò wọ̀ (ẹ mọ̀ wá!), kí a tó gbà pé síkẹ́ẹ̀tì tí ó fẹ̀, tí ó kọjá orúnkún, ti tó.

Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ ń wọn ìfúnpá wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Arábìnrin wa ṣì ń lo oògùn rẹ̀, dókítà rẹ̀ sì mọ̀ pé ó ń sáré. Àwọn ìyá àgbà ń bá wọn tọ́jú ọmọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí kò lè sáré ń rìn. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá, bí wọ́n bá dé ibi tí a ti ń yí padà, wọn a padà lọ pàdé ẹni ìkẹyìn.

Ní Sátidé tí ó kọjá, arábìnrin wa ni ó dé kẹ́yìn. Ó dúró ti ìyá kan tí orúnkún ń dùn. Ọkọ rẹ̀, ẹni tí ó mú ẹjọ́ wá bá mi níjọ́ kìíní, ti gbé omi dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.